Ṣé apá Halloween (ọdún tí wọ́n máa ń múra bí iwin) ti Modern Family, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, dùn wò lóòótọ́?

Ó dùn gan-an. Apá kẹfà ní sáà kejì ni, oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC gbé e jáde. Claire fẹ́ sọ ilé di ilé iwin, àmọ́ ọkàn ará ilé ò sí níbẹ̀. Phil, ọkọ Claire, ń bẹ̀rù kí ìyàwó òun náà má lọ fi òun sílẹ̀ bíi ti aládùúgbò wọn. Mitchell, àbúrò Claire, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: ó wọ aṣọ Spider-Man lọ síbi iṣẹ́, ojú tì í, ló bá wọ kóòtù lé e. Ti Gloria, ìyàwó bàbá wọn, ńkọ́? Wàràkàṣì kéékèèké (“baby cheeses”) ló ní kí wọ́n bá òun rà, ère Jésù ọmọ ọwọ́ (“baby Jesus”) ló dé, torí ohùn Kòlóńbíà tó fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn Cameron, olólùfẹ́ Mitchell, nìkan ni mo rò pé ó gùn jù.