Oògùn apakòkòrò tí a ń fà símú kò lè gba ipò abẹ́rẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Bàbá mi wà lórí ẹ̀rọ amúnimí, òtútù àyà sì ti mú wọn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a ra jẹntamáísìn, oògùn apakòkòrò kan, ní Ọjà Ọba kí àwọn nọ́ọ̀sì dà á sínú nebuláísà (ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di kùrukùru tí a ń fà símú), kí wọ́n sì dá abẹ́rẹ́ dúró kí ó má ba kíndìnrín wọn jẹ́. Ṣé ó dára? (Olùkàwé kan, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra ohunkóhun. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń ta irú oògùn yìí fún ẹbí aláìsàn tí ojú ń pọ́n.

Òótọ́ ni pé oògùn tí a fà símú máa ń pọ̀ gan-an ní ọ̀nà èémí. Ṣùgbọ́n ibi tí òtútù àyà ti mú jù, tí ọyún àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti dí, ni afẹ́fẹ́ kì í dé dáadáa, nítorí náà ibi tó ṣì yá ni ọ̀pọ̀ oògùn náà ń lọ, nígbà tí èyí tó bá ẹ̀jẹ̀ rìn lè dé ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń fi oògùn tí a ń fà símú kún abẹ́rẹ́, tí wọn kò fi í rọ́pò rẹ̀. Kódà nínú ìwádìí INHALE tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, níbi tí wọ́n ti fi amikacin tí a fà símú (apakòkòrò tó jọ jẹntamáísìn) kún abẹ́rẹ́, iye àwọn tó yè kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìwádìí ilẹ̀ Faransé ti 2023 sèso, ṣùgbọ́n dídènà òtútù àyà ni tiwọn, kì í ṣe wíwò ó.

Ó ní ìgbà tí a máa ń lò ó: ìlànà àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti 2016 dábàá pé kí a fi èyí tí a ń fà símú kún abẹ́rẹ́ bí kòkòrò náà bá jẹ́ irú èyí tí oògùn bíi amikacin tàbí colistin nìkan ń pa.

Jẹntamáísìn abẹ́rẹ́ lè ní èròjà tó ń mú ọ̀nà èémí fún pọ̀. Kùrukùru oògùn sì lè dí asẹ́ tí èémí fi ń jáde lára ẹ̀rọ, kí aláìsàn má lè mí síta. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì ń wọ ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín kò sì bọ́ lọ́wọ́ ewu pátápátá.

N kò yẹ Bàbá wò, àwọn dókítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló lè pinnu. Ẹ bi wọ́n pé kòkòrò wo ni àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fi hàn, oògùn wo ló ń pa á, ṣé wọ́n ń gbé orí ibùsùn sókè, àti ìgbà tí wọ́n rò pé Bàbá lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá mí.