Ìdáhùn fún àbúrò tó fẹ́ ṣe próójẹ́ẹ̀tì lórí èsúsú

Àbúrò, o kú iṣẹ́. O ní èsúsú àwọn ìyá ọjà lo fẹ́ fi ṣe próójẹ́ẹ̀tì ọdún àṣekágbá rẹ ní sosiọ́lọ́jì, supervisor rẹ ní kí o pín ìwé ìbéèrè fún 400 èèyàn, o wá fẹ́ mọ̀ bóyá o lè dín in kù. O tún ní bàbá rẹ ń bi ọ́ pé kí ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ará ìlú. Irú iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe fún másításì mi, lọ́jà kan n'Ìbàdàn. Ojú mi rí màbo.

Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò ló kọ́kọ́ dá mi lágara. Wọ́n ní gbogbo ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ ìka sí ìwé pé òun gbà, wọ́n sì ní kí n gba lẹ́tà ní káńsù kí n tó wọ ọjà. Mo ní àwọn ìyá wọ̀nyí kì í tẹ ìka sí ìwé tí wọn ò lè kà, pé ẹjọ́ ilẹ̀ àti owó èlé ni wọ́n fi mọ ìwé ìtẹ̀ka. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wò mí láti ìdí ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é kárí ayé nìyẹn. Ṣé kárí ayé ló ń ta ata nínú ọjà yẹn ni?

Mo gba káńsù lọ. Akọ̀wé tó máa fọwọ́ sí i kò sí nídìí iṣẹ́. Nígbà tó dé, fáìlì ti sọnù. Nígbà tí wọ́n rí fáìlì, ẹnì kan ní kí n ṣe bí ọmọlúàbí, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń wí. Lẹ́tà jàjà jáde, òǹtẹ̀ káńsù wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Òǹtẹ̀ yẹn gan-an ló kó bá mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn agbowó-orí wá ti ìsọ̀ àwọn kan pa. Bí mo ṣe na lẹ́tà jáde, ìyá kan rí òǹtẹ̀, ó figbe ta: "Wọ́n tún ti dé o!" Kíá, wọ́n ti ń da aṣọ bo ọjà. Mo bi ọ̀kan nínú wọn ní iye tó ń tà lóòjọ́, ó lóun ò tíì tajà láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ orí apẹ̀rẹ̀ ata tó ti ṣófo ló jókòó lé. Alábàárù kan já ìwé ìbéèrè gbà lọ́wọ́ mi, ó dà á sí gọ́tà. Òjò sì ń rọ̀. Nígbà tí mo padà lọ ròyìn fún ìgbìmọ̀, wọ́n ní kí n lọ kọ ọ́ sí abẹ́ "ìṣòro tó dojú kọ ìwádìí". Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Nítorí náà, ìyọ̀ǹda ẹnu ni kí o béèrè fún láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ síwájú ìgbìmọ̀. Bí mo ṣe padà wọ ọjà lẹ́yìn náà kò le: mo lọ kí ìyálọ́jà, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, wọ́n fi mí ti ìyá kan, mo ń bá a ṣa tòmátì. Ó parí.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni kí o sọ fún bàbá rẹ. Èsúsú ni mo ń wí o, èyí tí ẹgbẹ́ ń dá owó jọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń kó o níkọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àjọ tí alájọ ń gbà kiri lójoojúmọ́. (Supervisor mi pa méjèèjì pọ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì.) Ẹgbẹ́ yẹn kò ní ìwé àdéhùn, wọn ò ní lọ́yà, síbẹ̀ bí ọjọ́ bá pé, owó á pé. Ẹni tó bá ń sìnkú tàbí tó fẹ́ san owó ilé-ìwé ọmọ lè bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kóun kó o ṣáájú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló ń kó o kẹ́yìn, torí wọn ò tíì mọ ìwà rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sá, ẹni tó mú un wá ló máa san án. Àwọn oní-fọ́ọ̀mù á wá kọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ pé kò ní báǹkì, pé ó nílò ìlanilọ́yẹ̀. Ìlanilọ́yẹ̀ wo? Ní 2010, Báǹkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báǹkì máíkírófáínáǹsì 224 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fowó pamọ́ sírú ibẹ̀ rí mọ ohun tó ń ṣe tó bá ní òun ò lọ mọ́. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó gbé Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, ti kọ̀wé lórí èsúsú wa láti 1952. Kì í ṣe òní la ti ń dá a, wọ́n ń dá a ní erékùṣù Trinidad náà.

Èyí tó là mí lójú jù ni ti Peter Ekeh tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1975 ó kọ ọ́ pé àwùjọ méjì lọmọ Áfíríkà ń gbé pọ̀: ti ẹbí àti ìlú ẹni, níbi tí ìtìjú wà, àti ti ìjọba tí amúnisìn gbé kalẹ̀, níbi téèyàn ti lè kówó kí ọkàn rẹ̀ má sì dá a lẹ́bi. Ìyá tí mo jókòó tì kò jẹ́ fi owó èsúsú falẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n iná ilé rẹ̀ kò gba inú mítà kọjá. Mo bi í, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti ìjọba ni. (Wọ́n ti kó iṣẹ́ pínpín iná fún aládàáni láti 2013, kò sẹ́ni tó sọ fún un.) Mi ò gba gbogbo ọ̀rọ̀ Ekeh wọlé ṣá. Ìyá yìí kan náà ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì káńsù, àwọn olórí ẹgbẹ́ ọjà náà sì ń jẹ owó ẹgbẹ́.

Má gba àwọn ọmọ tí wàá máa sanwó fún lórí iye ìwé tí wọ́n bá kún. Abẹ́ igi ni wọ́n á ti kún un. Má sì gbé iṣẹ́ fún àwọn oní-SPSS (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò èsì) ìdí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà láti bá ọ ṣe Chapter Four, orí tí èsì ìwádìí ń wà. Èsì ẹlòmíì ni wọ́n máa yí orúkọ rẹ̀ padà fún ọ. Má fi fóònù gba ohùn ẹnikẹ́ni láìsọ fún un.

Ẹ̀n-ẹ́n, 400. Fọ́múlà Yamane nìyẹn, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò iye èèyàn tó yẹ kí ìwádìí mú. Bí o bá fi 0.05 sí i, ìyẹn ìwọ̀n àṣìṣe tí o gbà láàyè, ọjà tó ní 10,000 èèyàn á fún ọ ní 385, Nàìjíríà lódindi á fún ọ ní 400. O sì gbọ́dọ̀ mọ iye gbogbo wọn kí o tó ṣe é. Ta ló ka àwọn obìnrin ọjà yẹn? Ìkànìyàn 2006 ló ní a jẹ́ 140,431,790. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Mú ẹgbẹ́ èsúsú méjì tàbí mẹ́ta, jókòó tì wọ́n títí ọ̀rọ̀ tuntun ò fi jáde lẹ́nu wọn mọ́. Bí supervisor bá kọ̀ jálẹ̀, fi ohun tí wọ́n sọ ṣe ìwé ìbéèrè fún 100 èèyàn lẹ́yìn náà.

Má lọ ní Disẹ́ńbà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń palẹ̀ owó mọ́ nígbà yẹn, ọjà sì ń yá, kò sẹ́ni tó máa dá ọ lóhùn. Jánúárì ni wọ́n ń to orúkọ tuntun, ìgbà yẹn ni wàá gbọ́ ẹni tí wọ́n sún sẹ́yìn àti ohun tó ṣe.