Ọ̀pá mẹ́rin lórí fóònù kò ní kí íntánẹ́ẹ̀tì yá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ìbàdàn ni mo ti ń tajà, àjà kẹta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Gbogbo ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù mi ló máa ń yọ, síbẹ̀ fídíò kì í ṣí, ṣe ló máa ń yí ṣáá. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní òun ní sítíkà kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, àti áàpù kan tó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi ìnira aráàlú pawó. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí sítíkà, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín dára, nítorí ọ̀pá kún. Ọ̀pá ò mọ ìyẹn.

Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ohun tí ọ̀pá ń fi hàn ni bí ìgbì rédíò tó ń ti ọ̀dọ̀ máàsì, ìyẹn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bọ̀ ṣe lágbára tó. Bó ṣe lágbára ni, kì í ṣe bó ṣe mọ́. Kò tiẹ̀ sí òdiwọ̀n kan tí gbogbo ilé iṣẹ́ fóònù jọ ń lò. Oníkálùkù ló ń pinnu iye agbára tí yóò pè ní ọ̀pá kan. Ní oṣù keje ọdún 2010, nígbà tí àwọn èèyàn ń ráhùn lórí iPhone 4, Apple fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà síta pé ìṣirò tí àwọn fi ń ya ọ̀pá kò tọ̀nà rárá, pé lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń fi ọ̀pá méjì lé iye tó yẹ. Ẹ má fi ọ̀pá búra.

Ẹ ronú sí àdúgbò tí wọ́n ti ń ṣe ìnáwó ní ojúlé mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, tí olórin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé sípíkà síta. Ohùn tó ń dé etí yín pọ̀ gan-an, ẹ kò sì ní gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ń kọ. Bẹ́ẹ̀ ni 4G ṣe rí: àwọn máàsì tó múlé ti ara wọn sábà máa ń lo ọ̀nà ìgbì kan náà. Àjà kẹta tí ẹ rò pé ó jẹ́ àǹfààní fún yín lè jẹ́ òun gan-an ni wàhálà. Nísàlẹ̀, àwọn ilé tó yí yín ká ló ń bá yín dí máàsì ọ̀nà jíjìn. Lókè, fóònù ń rí máàsì mẹ́rin, márùn-ún pa pọ̀, kò sì sí èyí tó borí èkejì dáadáa.

Ohun tó ń pinnu bí fídíò yóò ṣe yá ni ìròyìn tí fóònù yín fúnra rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí máàsì. CQI ni a ń pè é, nọ́ńbà kan láti 0 sí 15. Máàsì á fi àmì kan tí fóònù ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́. Fóònù á wo bí àmì náà ṣe dé, á wọn ariwo, bí ìgbì àwọn máàsì mìíràn, tó dà pọ̀ mọ́ ọn, á sì fi nọ́ńbà dáhùn. Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni pé, "Bí ẹ bá di dátà báyìí fún mi, èyí tó máa bàjẹ́ nínú ìdì mẹ́wàá kò ní ju ẹyọ kan lọ." Nínú tábìlì CQI tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ 4G, lórí CQI 1, nínú gbogbo bíìtì (0 tàbí 1 tí a fi ń kọ dátà) 1024 tí máàsì bá fi ránṣẹ́, 78 péré ni dátà yín; ìyókù jẹ́ àfikún tí fóònù yóò fi tún àṣìṣe ṣe. Lórí CQI 15, 948 ni dátà yín, àmì kọ̀ọ̀kan tí ìgbì ń gbé sì ru bíìtì 6 dípò 2. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìyàtọ̀ náà lé ní ìlọ́po 36. Lórí fóònù kan náà, pẹ̀lú ọ̀pá mẹ́rin kan náà.

Máàsì kì í sì í kàn gba ìròyìn yìí gbọ́ kó dákẹ́. Bí fóònù bá ń fèsì pé ìdì tó dé ti bàjẹ́, á rẹ ìwọ̀n dátà tó ń dì sílẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń dé láìlábùkù, á tún gbé e sókè. Ìdí nìyí tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ṣe ségesège nínú mọ́tò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, láàárín ìdá 3 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá, mọ́tò ti rin sẹ̀ǹtímítà 8, ìyẹn sì tó láti yí bí ìgbì 1800 MHz ṣe ń dé padà. Ìròyìn á ti gbó kí máàsì tó lò ó.

Kí wá ni sítíkà fẹ́ ṣe sí gbogbo èyí? Kò ní iná, kò sì so mọ́ áńtẹ́nà kankan. Áàpù náà ò lè lé ariwo máàsì kejì lọ. Àǹfààní tó bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ju kó pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó sì tún un tan, èyí tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá wá ní kí ẹ gba òun láyè láti ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín, níbi tí kóòdù báńkì ń wọlé sí, ẹ yọ ọ́ kíákíá.

Búùsítà gidi tó ń lo iná pàápàá, ìgbì àti ariwo ló jọ ń gbé sókè, ó sì tún ń fi ariwo tirẹ̀ kún un. Ọ̀pá á kún, CQI ò ní kúrò lójú kan. Láti ọdún 1948 ni Claude Shannon ti fi ìṣirò hàn pé ìwọ̀n tí ìgbì fi ju ariwo lọ, pẹ̀lú bí ọ̀nà ìgbì ṣe fẹ̀ tó, ló ń pààlà sí iye ọ̀rọ̀ tó lè kọjá. Ibi tí ìgbì kò ti ráyè wọlé, bíi yàrá abẹ́ ilẹ̀, ni búùsítà ti wúlò. Níbẹ̀ náà, ẹ kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò dára lè da máàsì rú mọ́ gbogbo àdúgbò lọ́wọ́, èmi kọ́ ni mo ní kí ẹ rà á.

Mi ò tíì rí ilé yín, nítorí náà ẹ fúnra yín wọ̀n ọ́n. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ tẹ *#*#4636#*#*. Lórí iPhone, *3001#12345#*. RSRP ni agbára ìgbì: -85 lágbára, -110 ti ń kú lọ. SINR tàbí SNR ló ń sọ bó ṣe mọ́: ó dára púpọ̀ bí ó bá lé ní 20; bí ó bá jẹ́ 0, agbára ìgbì àti ti ariwo dọ́gba. Àwọn fóònù kan kì í fi èyí kejì hàn. Bí RSRP bá dára tí SINR kò dára, ẹ kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ẹ bọ́ sí ìhà mìíràn nínú ṣọ́ọ̀bù, tàbí kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ògiri lè bá yín dí àwọn máàsì tó kù. Bí méjèèjì bá dára tí fídíò kò sì ṣí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé èrò ló pọ̀ lórí máàsì yẹn, gbogbo yín lẹ sì jọ ń pín in. Ẹ dán an wò láàárọ̀ kùtù, kí ọjà tó kún. Bí ó bá yá nígbà náà, èrò ni.

Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, ẹ fi pe ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn pe NCC lórí 622.