Ṣé wíwo ìwé gààràgà ni "peruse"?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilé iṣẹ́ kan fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n "peruse" rẹ̀ kí n tó buwọ́ lù ú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí n kàn sáré wò ó gààràgà. Tí mo bá fẹ́ dá wọn lóhùn, ṣé "peruse" ni kí n kọ ni àbí "peruse through"?

Ìdáhùn: "Peruse through" kò tọ̀nà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò nílò "through" lẹ́yìn rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín gan-an ni ó yẹ kí ó kó ìdààmú bá yín, ó sì ti sú mi láti máa gbọ́ ọ.

Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, lílo nǹkan títí tí yóò fi tán ni ọ̀rọ̀ ìṣe yìí jẹ mọ́, kí ó tó wá di yíyẹ nǹkan wò àti kíka ìwé. Nínú eré Hamlet tí Shakespeare kọ, ọba Claudius àti Laertes ń gbìmọ̀ láti pa Hamlet. Ọba ní ọmọ náà kì í fura, nítorí náà kò ní "peruse" àwọn idà tí wọn yóò fi díje. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìwé kankan níbẹ̀: kí a gbé idà sókè, kí a wo ṣóńṣó rẹ̀ bóyá ó mú, ni ọba ń sọ. Hamlet kò wò ó dáadáa, idà tí ó mú, tí wọ́n tún fi májèlé kùn, ni ó sì ṣekú pa á.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ṣí dikíṣọ́nárì Merriam-Webster sí mi lójú pé ìtumọ̀ méjèèjì, kíkà fínnífínní àti wíwò gààràgà, wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, nítorí pé bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo ọ̀rọ̀ ni dikíṣọ́nárì ń kọ sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá lo ọ̀rọ̀ yìí lórí ìwé àdéhùn ń sọ fún yín pé, bí ẹ bá ti buwọ́ lù ú, òun gbà pé ẹ ti kà á tinú tẹ̀yìn. Ògbufọ̀ ni mí, n kì í ṣe agbẹjọ́rò, ẹ má sì fi ìdáhùn yìí ṣe ẹ̀rí ní kóòtù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń tú u sí Yorùbá, "ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní" ni mo máa ń kọ. Ẹ jókòó kà á, títí kan àwọn ọ̀rọ̀ wínníwínní tí ó wà nísàlẹ̀ ojú ewé tí ó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì gbé èyí tí kò bá yé yín lọ fún lọ́yà kí ẹ tó fi báírò kàn án.