Sùúrù fún Ward, kì í ṣe fún àwọn ọ̀gá rẹ̀

Àbúrò mi ní Nashville, mo ka ohun tó o kọ dáadáa. O ní ó ti sú ẹ. Titans, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (NFL) tiyín, fi ipò kìíní mú Cam Ward nínú draft ọdún 2025, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yan ọmọ tuntun láti yunifásítì, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ nínú ìdíje mẹ́fà àkọ́kọ́, wọ́n ti lé Brian Callahan tó ń kọ́ wọn, àwọn ará ibi iṣẹ́ ẹ sì ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. O wá ń béèrè bóyá kí ẹ ti máa wá kọ́tàbáàkì míì, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí ìkọlù, dípò Ward.

Houston ni mò ń gbé, láti ìgbà tí ẹgbẹ́ tí ẹ ń pè ní Titans yẹn ṣì ń jẹ́ Oilers, tó sì jẹ́ tiwa, kí ẹni tó ni wọ́n tó kó wọn lọ sí Tennessee lẹ́yìn sáà 1996. Mi ò tíì dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ward kàn mí, torí ọmọ ẹ̀yìnkùlé wa ni, West Columbia ló ti wá, ìlú kékeré kan ní gúúsù Houston. Nígbà tó wà ní girama, gbígbé bọ́ọ̀lù sáré ni ẹgbẹ́ wọn gbójú lé, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jù ú, ni àwọn yunifásítì ńlá kò bá rí i. Incarnate Word ní San Antonio ló gbà á, ó gba ibẹ̀ lọ Washington State, kó tó wá dé Miami. Kì í ṣe ọmọ tí wọ́n ti ń pọ́n sẹ́yìn láti kékeré.

Gbogbo ènìyàn máa sọ fún ẹ pé sùúrù ni baba ìwà. Wọ́n á ka ìtàn Troy Aikman fún ẹ, tó ṣe kọ́tàbáàkì fún Dallas nínú ìdíje 11 lọ́dún 1989 tí kò jẹ ẹyọ kan, tó sì gba Super Bowl, ife NFL, ní oṣù Kìíní 1993. Wọ́n á ka ti Peyton Manning, tó ju bọ́ọ̀lù 28 sọ́wọ́ ọ̀tá lọ́dún 1998 tí Indianapolis jẹ 3, pàdánù 13. Nígbà tó di ọdún kejì, 13 ni wọ́n jẹ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ mi ò gba ti àwọn ìtàn yẹn, torí àwọn tó là á já nìkan ló ń wọ inú wọn. Ta ló ń ka àwọn tí gbogbo ìlú fi sùúrù dúró dè títí, tí nǹkan kan ò jáde? Mo mọ ọ̀kan, ojú mi ló ṣe.

Lọ́dún 2002 tí Houston tún ní ẹgbẹ́, ìyẹn Texans, kọ́tàbáàkì David Carr láti Fresno State ni wọ́n fi ipò kìíní mú. Ìdíje àkọ́kọ́ gan-an, wọ́n na Dallas ní 19 sí 10. Ìlú ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa ní Bissonnet, ọmọ Ìjẹ̀bú kan ti ń pín Super Bowl fún wa kí oṣù Kẹwàá tó pé. Ṣùgbọ́n Tony Boselli, géńdé tí wọ́n mú láti Jacksonville pé kó máa ṣọ́ ẹ̀yìn Carr, èjìká rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò gbá ìdíje kan ṣoṣo fún wa títí tó fi fẹ̀yìn tì. Wọn ò sì rí ẹni gidi fi sípò rẹ̀. Ní sáà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n gbé Carr ṣánlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì sí kọ́tàbáàkì NFL míì tójú rẹ̀ rí tó bẹ́ẹ̀ láàárín sáà kan.

A ní sùúrù. A ní i lọ́dún 2003, a ní i lọ́dún 2004 tí wọ́n jẹ ìdíje 7. Lọ́dún 2005, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i: wọ́n jẹ 2, wọ́n pàdánù 14, wọ́n sì tún gbé Carr ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀méjìdínláàádọ́rin. Nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ, tíkẹ́ẹ̀tì ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń fi tọrẹ. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fún mi ní ọ̀kan, òkè téńté ni ìjókòó mi wà. Ohun tí tẹlifíṣàn kì í fi hàn ni mo rí níbẹ̀. Tẹlifíṣàn, bọ́ọ̀lù ló máa ń tẹ̀ lé. Láti òkè lọ́hùn-ún, gbogbo pápá lò ń wò. Ẹni tó yẹ kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí ti bọ́ sí gbangba, ó ti na ọwọ́ sókè, Carr ò sì wo ibẹ̀ rárá. Àwọn tó ń bọ̀ wá gbá a ló ń wò. Èjìká rẹ̀ ti ń ká kò kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà míì ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Apá ọmọkùnrin yẹn kò níṣòro kankan, ó lè ju bọ́ọ̀lù débi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n lílù ti kọ́ ara rẹ̀ ní ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan ò lè yọ kúrò mọ́. Lọ́dún 2007 wọ́n ní kó máa lọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí n ní sùúrù, ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè ni pé fún ta ni? Sùúrù tí a ní fún Carr, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ló jẹ ẹ́, ọmọ náà ò jẹ nínú rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ni ti kọ́tàbáàkì Vince Young, ẹ̀yin náà sì mọ ìyẹn. Ọmọ Houston ni, àwa la ní ipò kìíní lọ́dún 2006, Mario Williams ni wọ́n mú, ẹ̀yin sì gbé Young ní ipò kẹta. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ó wá sí ilé wa, wọ́n gbá ọ̀mì títí wọ́n fi fi àsìkò kún un, ó wá sáré yáàdì 39 wọlé. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ pa rọ́rọ́. Òun ló gba àmì ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tó dára jù nídìí ìkọlù lọ́dún yẹn. Sáà 2010 ló lò kẹ́yìn lọ́dọ̀ yín. Ọdún àkọ́kọ́, ì báà dùn, ì báà korò, kì í sọ ohun púpọ̀ fún ènìyàn.

C.J. Stroud, kọ́tàbáàkì Texans, ló ba gbogbo yín jẹ́. Lọ́dún 2023, ó ju yáàdì 4,108, bọ́ọ̀lù 5 péré ló bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ẹgbẹ́ tó jẹ 3 lọ́dún tó ṣáájú sì jẹ 10. Láti ìgbà náà, gbogbo ìlú ló rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn ò rántí pé nígbà tó di 2024 tí wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀méjìléláàádọ́ta, bọ́ọ̀lù tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá di 12. Apá kan náà, orí kan náà.

Wàyí o, Ward. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2025 tí ẹ wá síbí, 26 sí òdo la fi rán yín lọ. Mo yọ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ojú ọmọ yẹn ni mò ń wò. Wọ́n ń gbá a, ó ń dìde, ó sì ṣì ń wo ọ̀nà jíjìn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ bá Arizona nílé wọn, wọ́n ti fi yín sẹ́yìn gan-an, ẹ padà jẹ wọ́n ní 22 sí 21. (Orí ba yín ṣe é: ọmọ Arizona kan ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kó tó wọlé tán. A ò ní sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.) Òótọ́ ni pé òun náà máa ń di bọ́ọ̀lù mú pẹ́ jù, ó rò pé òun á rí ọ̀nà sá bíi ti Miami. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Ọjọ́ tó o bá rí i tí orí rẹ̀ ń wálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni kó o bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, kì í sì í ṣe lé e lórí.

Àwọn ọ̀gá yín kò kúkú sùn lọ lórí ọ̀rọ̀ géńdé iwájú, àwọn tó ń dáàbò bo kọ́tàbáàkì: Skoronski lọ́dún 2023, Latham lọ́dún 2024, wọ́n sì ra Dan Moore láti Pittsburgh. Ṣùgbọ́n rírà kọ́ ni mímọwọ́ ara wọn. Ẹ̀rù tó ń bà mí ju ìyẹn lọ ni pé kí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa wọlé kí òmíràn máa jáde. San Francisco ṣe bẹ́ẹ̀ fún Alex Smith lẹ́yìn tí wọ́n mú un ní ipò kìíní lọ́dún 2005: lọ́dọọdún, ẹlòmíràn ló ń darí ìkọlù wọn, ó sì ń kọ́ orúkọ gbogbo nǹkan lákọ̀tun. Nígbà tí Jim Harbaugh dé lọ́dún 2011, wọ́n jẹ ìdíje 13. Kọ́tàbáàkì kan náà tí wọ́n ti bú tán.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Agogo méjìlá ni eré sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nílùú wa àti nílùú yín, pásítọ̀ ò sì tíì ka ẹsẹ Bíbélì àkọ́kọ́. Mo máa ń gbà á sílẹ̀, màá wò ó lálẹ́ nígbà tí mo ti mọ ẹni tó jẹ. Nígbà tí ọkàn ẹ kò sí lára ẹni tó máa jẹ mọ́, wàá lè pa bọ́ọ̀lù tì, kó o wo géńdé iwájú márùn-ún yẹn nìkan. Ṣe é fún oṣù kan, àwọn ará ibi iṣẹ́ ẹ ò ní lè bá ẹ jiyàn mọ́.

Ní ti ìgbà tí sùúrù máa tán, má ṣe dájọ́ Ward kí sáà kẹta rẹ̀ tó parí. Oṣù Karùn-ún 2028 ni Titans fúnra wọn gbọ́dọ̀ sọ bóyá wọ́n fẹ́ san owó ọdún karùn-ún fún un. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gbé e ṣánlẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí sáà kan fi parí, tí wọn ò sì mú géńdé iwájú kankan nínú draft tó bá tẹ̀ lé e, pè mí. Mo ti ní ìrírí nínú bíbú ọ̀gá ẹgbẹ́, a jọ máa bú wọn ni.