Ẹ̀yìn Àgbébọ̀ Ló Ń Sọ Bí Àkùkọ Ti Pọ̀ Tó

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí sọ pé àkùkọ 5 ló wà pẹ̀lú àgbébọ̀ 9 lẹ́yìnkùlé yín, pé ìyẹ́ ti ń re kúrò ní ẹ̀yìn àwọn àgbébọ̀ náà, ẹ sì fẹ́ mọ ọ̀nà tí gbogbo wọn yóò fi máa gbé pọ̀ ní ìrọ̀rùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin adìyẹ, àkùkọ tó pọ̀jù sì ni ìṣòro tó máa ń bá mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá pa ẹyin, nítorí pé bí ìdajì òròmọdìyẹ tó bá jáde ni yóò jẹ́ akọ, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè ta sí ẹyin nílé tí yóò yí ìyẹn padà. Láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, àkùkọ 5 kò lè bá àgbébọ̀ 9 gbé nínú agbo kan náà. Ohun tó kù ni kí ẹ mọ èyí tí yóò dúró àti ibi tí àwọn yòókù yóò lọ, kí ẹ sì tètè ṣe é.

Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olùsìn adìyẹ ń tẹ̀ lé ni àkùkọ 1 sí àgbébọ̀ 8 títí dé 12, àwọn tí irú wọn fúyẹ́ sì máa ń gba àgbébọ̀ tó pọ̀ ju ti àwọn tó wúwo lọ. Òṣùwọ̀n náà wúlò, àmọ́ èmi kì í gbára lé e tán, nítorí pé àkùkọ máa ń ní ààyò. Ènìyàn lè ní àgbébọ̀ 12 kí àkùkọ kan ṣoṣo má bìkítà fún 10 nínú wọn, kí ó máa gun àwọn 2 tó kù títí ẹ̀yìn wọn yóò fi pá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yẹ ẹ̀yìn àgbébọ̀ wò kí n tó ka orí àkùkọ.

Nígbà tí àkùkọ bá gun àgbébọ̀, yóò fi ẹnu di ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú, yóò sì fi èékánná tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó má baà ṣubú. Bí èyí bá pọ̀jù, ìyẹ́ yóò kán, ìdí èyí tó kán yóò sì dúró sínú awọ, tuntun kò sì ní hù níbẹ̀ títí di ìgbà tí àgbébọ̀ náà yóò pààrọ̀ ìyẹ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Nítorí náà, bí ẹ bá yọ àkùkọ lónìí, ẹ má retí pé ẹ̀yìn wọn yóò bò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Awọ tí kò ní ìyẹ́ kò ní ààbò, èékánná sì lè ya ìhà lábẹ́ apá níbi tí ojú kì í tètè dé. Mo ti rí àgbébọ̀ tó ń jẹun, tó ń rìn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, tí ìhà rẹ̀ sì ti ya gbooro. Lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti wọ̀, ẹ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ na apá wọn, kí ẹ fi iná wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹ ṣọ́ ìwà wọn pẹ̀lú: èyí tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, tàbí tó ń sá pamọ́ sí ibi ìyéyin láìyé ẹyin, ti rẹ̀ lọ́wọ́ àkùkọ. Aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn àgbébọ̀ wà, ó sì ń dáàbò bò ó fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò ara máa ń sá sábẹ́ rẹ̀, kò sì dín iye àkùkọ kù.

Nínú yíyàn èyí tí yóò dúró, ẹwà ìyẹ́ ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn. Àkùkọ rere a máa pe àwọn àgbébọ̀ bó bá rí oúnjẹ, a máa ṣọ́ ojú ọ̀run nítorí àṣá, a sì máa kígbe kí agbo lè sá pamọ́. Bó bá fẹ́ gun àgbébọ̀, yóò tẹ apá kan sílẹ̀, yóò yí i ká, kò ní máa lé e kiri. Àwọn ọ̀dọ́ àkùkọ máa ń le ní nǹkan bí oṣù 5 sí 8, àwọn kan a sì rọ̀ bí wọ́n bá pé ọdún kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àgbébọ̀ 9 péré kò lè máa dúró de ìyẹn. Èyí tó bá ń fò mọ́ ènìyàn ni kí ó kọ́kọ́ lọ, pàápàá bí ọmọdé bá wà nínú ilé, nítorí pé èékánná rẹ̀ lè dé ojú ọmọdé. Fífi ẹsẹ̀ gbá a kì í tún un ṣe. Ìjà ni yóò kà á sí, yóò sì padà wá. Àwọn kan gbà pé gbígbé e mọ́ra lè rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Èmi kò tíì rí èyí tó pẹ́. Ìwà yìí sì máa ń ran ọmọ, nítorí náà ẹ má pa ẹyin tó bá ti ọ̀dọ̀ irú wọn wá.

Bí ẹ bá fẹ́ dá àwọn yòókù sí, ọgbà àwọn akọ nìkan ni ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ jù fún mi. Ó máa ń ya ẹni tí kò ṣe é rí lẹ́nu pé àkùkọ tí kò rí àgbébọ̀ kò ní ohun púpọ̀ tí yóò jà lé lórí, pàápàá bí wọ́n bá jọ dàgbà. Ẹ gbé ọgbà náà sí ibi tí wọn kò ti ní máa rí àwọn abo, nítorí pé àwọ̀n lásán láàrin wọn kò ní jẹ́ kí ìjà tán. Kí àyè fẹ̀, kí ibi ìjẹun àti ibi omi ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ sì gbé pákó tàbí ẹ̀ka igi sí i tí èyí tí wọ́n ń lé lè sá sẹ́yìn rẹ̀; igun tí kò ní ọ̀nà àbájáde ló léwu jù. Wọn yóò jà ní ìbẹ̀rẹ̀ títí wọn yóò fi mọ ẹni tí í ṣe àgbà, ẹ má sì dá sí i àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn tàbí bí èyí tó ti túúbá kò bá rí ibi sá sí. Bí ẹ bá mú ọ̀kan jáde fún ọjọ́ díẹ̀, bí àlejò ni yóò padà, ìjà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti adìyẹ tó ń yé. Ti ayéyin ní kálísíọ́mù tó nǹkan bí ìdá 3.5 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún nítorí èèpo ẹyin, bó bá sì pẹ́ tí àkùkọ ti ń jẹ ẹ́, ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Oúnjẹ adìyẹ tó ń dàgbà, tí kálísíọ́mù tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, ló yẹ wọ́n. Nínú agbo tó dà pọ̀, èyí ni mo ń fún gbogbo wọn, mo sì ń gbé ìkarahun lílọ̀ sínú àwo ọ̀tọ̀ fún àwọn abo.

Ariwo nìkan ni ọgbà náà kò lè wò, nítorí pé bí ọ̀kan bá kọ, àwọn yòókù yóò dá a lóhùn, nítorí náà ẹ wádìí òfin àdúgbò yín. N kò fara mọ́ ọ̀já tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn àkùkọ kí ohùn rẹ̀ lè dínkù. Ó lè fún un lọ́rùn pa.

Èyí tí kò sí àyè fún, pípa jẹ ni. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣòro fún ẹni tó tọ́ wọn láti inú ẹyin, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń pinnu kí wọ́n tó dàgbà tán. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni ogbe orí akọ ti ń pọ́n ju ti abo lọ nínú ọ̀pọ̀ irú adìyẹ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, ìyẹ́ gígùn tó rí ṣóńṣó yóò ti máa yọ níbi ìbàdí rẹ̀, ti abo a sì rí roboto. Láàrin ọ̀sẹ̀ 16 sí 20, ẹran wọn ṣì rọ̀. Bó bá kọjá ìyẹn, àfi kí ẹ sè é pẹ́ lórí iná díẹ̀. Fífi wọ́n tọrẹ dára bí ẹ bá rí olùgbà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń pa ẹyin ló ní àkùkọ tó ṣẹ́kù, ẹ má sì fi ìwà èyí tó ń bá ènìyàn jà pamọ́ fún ẹni tí yóò gbà á. Ní ti títẹ̀ wọ́n lọ́dàá, inú ikùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ni kórópọ̀n àkùkọ wà, nítorí náà iṣẹ́ abẹ gidi ni, oníṣègùn ẹranko ló yẹ kí ó ṣe é.

Bí ẹ bá ti mú 4 kúrò, ẹyin àwọn àgbébọ̀ yín ṣì lè pa fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, nítorí pé àtọ̀ àkùkọ máa ń wà láàyè nínú ara wọn. Bí ẹ bá fẹ́ ọmọ láti ọ̀dọ̀ èyí tó kù nìkan, ẹ dúró tó ọ̀sẹ̀ 4 kí ẹ tó kó ẹyin sábẹ́ èyí tó ń sàba. Bí kò bá sì sí èyí tó yẹ nínú àwọn 5, ẹ mú gbogbo wọn kúrò, nítorí pé àgbébọ̀ kò nílò àkùkọ kí ó tó yé ẹyin jíjẹ.