Ṣé ẹ̀rọ lè wo inú ère láì gé e?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ère ìbejì kan wà lọ́wọ́ wa, ti ìyá bàbá mi ni, ihò kéékèèké ti wá ń pọ̀ lára ẹ̀. Ẹnì kan ní ká fi ayùn gé ìdí ẹ̀ wò, ká mọ̀ bóyá kòkòrò ti jẹ inú ẹ̀ tán. Ṣé kò sọ́nà míì ni?

Ìdáhùn: Ọ̀nà wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gba ayùn lọ́wọ́ onítọ̀hún. Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ pa iná yàrá, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú o, ilà ojú ẹ̀, ojú ọ̀bẹ agbẹ́gilére, ibi tó ti sán, gbogbo ẹ̀ ló máa yọ kedere. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sórí bébà funfun, ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mélòó kan. Tí ìyẹ̀ tuntun bá dà sílẹ̀, tó kúnná bí ìyẹ̀rosùn, á jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ṣì wà nínú ẹ̀.

Iná UV, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní báńkì, máa ń jẹ́ ká rí ibi tí wọ́n ti tún un ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ gúlù ìgbàlódé ló máa ń tàn yàtọ̀ sí igi.

Inú ẹ̀ gan-an wá ńkọ́? Ẹ́síréè lásán máa ń to gbogbo ihò léra wọn ni, èèyàn ò ní mọ èyí tó jìn. CT scan ló dáa jù, ó máa ń fi inú ère hàn ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, èyí tí wọ́n fi ń yẹ aláìsàn wò lọ́sibítù náà tó fún igi, kò sì ní pa igi lára. Tí wọ́n bá fi ìṣó ṣe ẹyinjú ère yín ṣá, ìlà funfun máa ba àwòrán jẹ́ níbẹ̀. CT ò sì ní sọ ọjọ́ orí ère fún yín o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín bẹ́ẹ̀.

Ká ní idẹ tó nípọn ni, ìtànṣán ẹ̀rọ ọsibítù lè má là á kọjá, ti ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n máa ń lò. Amọ̀ sísun bí àwọn orí Ifẹ̀ ló léwu jù: wọ́n lè ṣírò ìgbà tí wọ́n sun ún látinú ìtànṣán tó ti kó jọ sínú ẹ̀, ẹ́síréè àti CT sì máa ń fi kún un, ìyẹn lè ba ìṣirò náà jẹ́, torí náà ẹni tó máa ṣírò yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Ní báyìí, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò láàárín àwọn igi yòókù, ẹ má sì da kẹrosínì tàbí oògùn kòkòrò sí i, osùn àti aró ara ẹ̀ lè bá a lọ.